Ẹ wo déètì rìsíìtì ayálégbé kí ẹ tó gba owó rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé onífúláàtì mẹ́rin sí Ìkòròdú. Ẹ́jẹ́ǹtì mú ọkùnrin kan wá tó fẹ́ san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò gba ayálégbé rí. Kí ni kí n wò lára rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilé o, Mà. Ẹ má gba owó ọdún méjì yẹn. Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí onílé gba ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí ayálégbé san án. Ọdún àkọ́kọ́ kì í kúkú da onílé láàmú. Ìgbà tí owó ẹlẹ́ẹ̀kejì bá tó san la ń mọ èèyàn.

Ẹ ní kó mú rìsíìtì méjì tàbí mẹ́ta tó gbà níbi tó ń gbé báyìí wá. Ẹ má wo iye owó, déètì ni kí ẹ wò. Bí ọdún rẹ̀ bá ń pé ní oṣù kìíní, tó sì jẹ́ oṣù kẹfà tàbí ìkẹjọ ló máa ń sanwó, bó ṣe máa ṣe yín náà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Ẹ́jẹ́ǹtì kò ní bá yín lọ. Kí ilé tètè kún kó lè gba kọ́míṣọ̀n ló jẹ ẹ́ lógún. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rí onílé tó wà níbẹ̀ o! Bí ayálégbé yẹn bá ti sú u, ṣe ló máa yìn ín kó lè tètè kó lọ. Onílé tó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú ìyẹn ló lè sọ òótọ́, kò ní èrè kankan níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ wá ẹni tí wọ́n jọ ń lo mítà iná kan náà. Ìyẹn mọ ẹni tí kì í dá owó iná.

Ẹ béèrè iye èèyàn tó ń kó bọ̀ àti iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe nínú ilé, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn. Ẹni tó ní òun nìkan ni lè gbé ẹ̀rọ ìlọta dé kí oṣù tó parí. Ní ti onídùúró, ẹni tó ní ibi iṣẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ni kí ẹ gbà. “Pásítọ̀ mi ni” kò tó. Ẹ̀yà àti ẹ̀sìn? Àwọn ìyẹn kì í san owó ilé.

Mo ń le báyìí nítorí pé lílé ayálégbé jáde kì í ṣe ohun kékeré. Bó bá jẹ́ ọdọọdún ló ń sanwó, tí àdéhùn yín kò sì sọ nǹkan mìíràn, nótíìsì oṣù mẹ́fà lẹ máa fún un, ẹ tún máa fi ti ọjọ́ méje lé e, kí ẹ tó dé kóòtù. Bí ẹ bá lọ fi àgádágodo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ̀yin gan-an lọ́lọ́pàá máa wá mú.