Ṣé lẹ́tà ńlá ló ń jẹ bátìrì fóònù mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn níbí. Ojú mi ò ríran tó tàtẹ̀yìnwá mọ́, lọmọ mi bá sọ lẹ́tà inú fóònù mi di ńlá, ó tún yí àwọ̀ rẹ̀ padà, funfun di dúdú. Mo wá ń rí álẹ́ẹ̀tì kà dáadáa. Ṣùgbọ́n kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fóònù ti kú. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní ohun tí wọ́n ṣe sí i yẹn ló ń jẹ bátìrì, kí n yọ ọ́. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá aláṣọ, Gbági)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, Ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Dùgbẹ̀, ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ti pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà nítorí bátìrì. Ọlọ́jà tí kò rí òdo tó wà nínú álẹ́ẹ̀tì kà, wọ́n lè rẹ́ ẹ jẹ.

Lẹ́tà ńlá ò jẹ bátìrì. Ó tóbi ni o, ó kéré ni o, ojú fóònù kan náà ló ń tàn.

Ti àwọ̀ ló gba àlàyé. Bí ojú fóònù yín bá jẹ́ LCD, tó wà lára ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú àti iPhone 11 pàápàá, iná kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tàn ṣáá. Ẹ wo dúdú, ẹ wo funfun, ohun tó ń jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ti OLED, tàbí AMOLED, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tíntìntín ló kún ibẹ̀, oníkálukú ń dá tàn. Ibi tó bá dúdú pátápátá, ó ti kú nìyẹn. Lálẹ́, kí ọmọ yín pa iná yàrá, kó ṣí àwòrán tó máa hàn ní dúdú kirikiri bí àwọ̀ ṣe yí padà yẹn, kó bo gbogbo ojú fóònù. Bó bá ṣì ń mọ́lẹ̀ fírífírí, LCD ni. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí ojú rẹ̀ parí sí nínú òkùnkùn, OLED ni, dúdú yẹn sì ń bá yín tọ́jú bátìrì ni. Àmọ́ kó rí i pé òun ò tan Dark mode, ètò fóònù tó ń sọ ẹ̀yìn lẹ́tà di dúdú, mọ́ ọn, torí bí méjèèjì bá pàdé, funfun ló máa padà dà.

Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù gan-an ni mo fura sí. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n lọ́dún 2021 lórí fóònù OLED. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà láàárín ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, Dark mode ò dín ju ìdá 3 sí 9 kù nínú iná tí fóònù ń jẹ. Nígbà tí wọ́n ṣí i dé òpin, ó dín ìdá 39 sí 47 kù. Ẹ rí i pé ìmọ́lẹ̀ lọ̀gá. Oòrùn ọ̀sán Gbági yẹn, bí ẹ bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, fóònù á máa fúnra rẹ̀ gbé ìmọ́lẹ̀ sókè kẹ́ ẹ lè rí i. Ẹ wọlé díẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ fà á wálẹ̀ síbi tí ojú yín ṣì gbà. Kí ọmọ náà ṣí Settings, kó wọ Battery, ẹ ó rí áàpù tó ń jẹ ẹ́ jù. Bí kò bá sí èyí tó le níbẹ̀, tí fóònù sì ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, bátìrì ló ti gbó. Ẹ ra tuntun sí i.