Ọmọ mi mọṣẹ́, wọ́n ní kò ní ìwé

ÌBÉÈRÈ: Aǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé 24, ọdún mẹ́rin gbáko ló fi kọ́ṣẹ́ iná níbí l'Óṣogbo, a ti ṣe fúrídọ̀mù fún un lọ́dún tó kọjá, a se ráìsì a pe èèyàn. Ó mọṣẹ́ yẹn dáadáa, wáyà ilé o, sólà o. Ṣùgbọ́n kọ́ńpìnnì tó bá lọ, wọ́n á ní sàtífíkéètì ẹ̀ dà, tó bá mú ìwé fúrídọ̀mù tí ọ̀gá ẹ̀ fún un jáde wọ́n á ní àwọn ò mọ ìyẹn. Bọ̀dá kan ládùúgbò wa wá ní ká mú 15,000 náírà wá, òun á bá a fi orúkọ sínú ètò ìjọba, wọ́n á tún un kọ́, wọ́n á sì máa sanwó fún un lóṣooṣù. Ṣé kí n san án?
Ìyá oníṣẹ́ iná, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀ fún bọ̀dá yẹn.

Kí ló tiẹ̀ fẹ́ tún lọ kọ́? Ọdún mẹ́rin ti tó. Ìwé ni kò ní, ìwé náà ni kó wá lọ. Ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní trade test, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń ṣe é, wọ́n á ní kó fọwọ́ ṣiṣẹ́ níwájú wọn, wọ́n á sì bi í ní ìbéèrè. Grade 3 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè dé 1. Kó lọ sí ọ́fíìsì wọn fúnra ẹ̀, kó béèrè iye tí wọ́n ń gbà, kó sì gba rísíìtì.

Ọ̀rọ̀ owó oṣooṣù yẹn ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Ẹ̀yin náà rántí OYES, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́ l'Ọ́ṣun lọ́dún 2010, ọ̀dọ́ 20,000 ni wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan náà, 10,000 náírà lóṣù. N-Power, ti ìjọba àpapọ̀, dé ní 2016, 30,000 náírà fáwọn tó jáde yunifásítì, nígbà tó fi máa di October 2023 ìjọba dá a dúró, wọ́n ṣì jẹ àwọn ọmọ yẹn lówó. Mi ò ní kò wúlò o, owó yẹn bọ́ ilé púpọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó dúró, kí ló kù lọ́wọ́ ẹlòmíì tó lè gbé lọ síbòmíì?

ITF, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí kíkọ́ni níṣẹ́, ti wà láti 1971, iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún fún wọn, torí kí wọ́n lè máa kọ́ èèyàn níṣẹ́. Ní 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ SUPA, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n sì fi ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, 100,000 èèyàn ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Irú ẹ̀ ló yẹ kí ọmọ yín máa ṣọ́. Èmi ìbá fẹ́ kí ìjọba ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n máa gbé ìdánwò yẹn lọ bá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ iná, ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì níbi ìpàdé wọn, kí wọ́n sì bá wọn san owó ẹ̀, torí ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọ́ṣẹ́, bó ṣe rí látijọ́ nìyẹn, àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn kọ́ wọn dáadáa, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè ṣe 3MTT, ètò tí ìjọba fi ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn?
Aláṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ọ̀fẹ́ ni ètò yẹn, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2023 lábẹ́ mínísítà Bosun Tijani, èèyàn mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́. Ẹ lè fi fóònù fi orúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tó máa yá yín ní láptọ́ọ̀pù ná, torí ẹ ò lè fi fóònù kọ́ sọ́fítíwíà débi tí wọ́n á fi gbà yín síṣẹ́. Ẹ sì ka owó dátà mọ́ ọn.