Ṣé Golden Globe tó láti fi mọ ẹni tó máa gba Oscar?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé ẹni tó bá gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Golden Globe la máa fọkàn sí fún Oscar. Rárá o. Àwọn oníròyìn ló ń dìbò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù fúnra wọn ni kí ẹ máa wò, torí ọ̀pọ̀ wọn náà ló ń dìbò Oscar. Olùdarí tí DGA, ẹgbẹ́ àwọn olùdarí fíìmù ní Amẹ́ríkà, bá mú, ó ṣọ̀wọ́n kí Oscar bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, bó tilẹ̀ bọ́ mọ́ Sam Mendes lọ́wọ́ ní 2020, tí Bong Joon-ho gbé e lọ.

Ti fíìmù tó dára jù ló le. Olùdìbò á to fíìmù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀léra; èyí tí àwọn tó fi sípò kìíní kéré jù á já, ìbò rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ èyí tó tẹ̀ lé e lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀kan á fi kọjá ìdajì. Ìyẹn ni fíìmù tí ò bí ẹnikẹ́ni nínú fi máa ń na èyí tí àwọn kan ń gbé gẹ̀gẹ̀, tí àwọn yòókù ò sì fẹ́ rí sójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni PGA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé fíìmù jáde, ṣe ń dìbò, òun ni mo gbára lé jù.

Ti òṣèré? Ẹ má fowó yín ta tẹ́tẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ní 2021, Chadwick Boseman gba Golden Globe, ó gba SAG, àmì-ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ àwọn òṣèré. Anthony Hopkins tó gba BAFTA, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Oscar bá lọ.