Kí o tó kéde ẹ̀dà kejì, ka iye ìwé tó kù nílé

Àbúrò mi, o ní géèmù orí tábìlì tí o fọwọ́ ara rẹ kọ ṣì ku ìwé 280 nínú yàrá rẹ, o sì fẹ́ kéde pé ẹ̀dà kejì ń bọ̀. O wá ń béèrè bóyá ìkéde náà á pa ọjà èyí tó wà nílẹ̀. Á pa á. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń pa á kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí sí ọ.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Leeds láti 2004 títí di 2015. Ìwé òfin eré, ìwé ìrìn-àjò tí adarí eré máa ń lò, dáìsì, gbogbo rẹ̀ ni mo ń tà, àmọ́ Dungeons & Dragons, eré tí àwọn èèyàn máa ń jókòó yí tábìlì ká ṣe, tí oníkálukú ń kó ipa ẹnì kan nínú ìtàn, ló ń san owó ilé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, níbi Gen Con, àpéjọ ńlá àwọn oníeré orí tábìlì ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, Wizards of the Coast, ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà, kéde pé ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ ń bọ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2008 ni ìwé náà tó jáde. Èmi ti ra Player's Handbook 38 sílẹ̀, ìyẹn ìwé òfin ti ẹ̀dà 3.5 tó wà lọ́jà nígbà náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìkéde yẹn, torí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń rà á.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, bàbá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ọmọ náà kò lè ju ọdún méjìlá lọ. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣí ìwé náà lé orí itan, ó ń fi ìka tẹ̀lé àwòrán àwọn jagunjagun. Bàbá rẹ̀ wá bi mí pé, "Mo gbọ́ pé òmíràn ń bọ̀. Ṣé kí n ra èyí ni, àbí kí n dúró?" Mo lè parọ́ kí n gbowó. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, ó dá a padà sórí pẹpẹ, ó tiẹ̀ tún un tò kó lè gún. Wọ́n ra dáìsì, wọ́n lọ. N kò rí wọn mọ́.

Ẹni tuntun ni ìkéde máa ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ti ń ṣe eré náà láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì ń wá, wọ́n tilẹ̀ ń sáré ra ìwé tí wọn kò tíì ní kó tó tán lọ́jà. Nítorí náà, tó bá jẹ́ àpapọ̀ owó tó wọlé lóṣù kìíní lò ń wò, ọkàn rẹ á balẹ̀. Tèmi balẹ̀. Àmọ́ ìwé òfin, tí ẹni tuntun kì í ṣàì kọ́kọ́ rà, ti kú ní tiẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà oníbàárà ra tiwọn tán, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Títí ọdún fi parí, márùn-ún péré ni mo tà nínú 38. Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ kò gbà á padà, ó ní mo ti fọwọ́ síwèé. Ìyàwó mi ló san owó ilé ṣọ́ọ̀bù ní oṣù kìíní ọdún 2008, n kò sì ní gbàgbé.

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, Paizo, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń tẹ ìwé ìrìn-àjò fún eré náà, sọ pé àwọn kò ní bá Wizards lọ sí ẹ̀dà kẹrin. Wọ́n lo ìwé àṣẹ tí Wizards ti fún gbogbo ayé láti ọdún 2000 pé kí wọ́n máa lo òfin eré náà, wọ́n gbé eré tiwọn, Pathfinder, ka orí òfin 3.5, wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ ìdánwò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé gangan jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2009. Kó tó di pé ó jáde rárá, àwọn èèyàn ti ń bi mí léèrè ìwé ìrìn-àjò àti ìwé ẹranko abàmì 3.5 tí mo ti dì sínú páálí lábẹ́ káńtà. Mo tún kó wọn jáde, wọ́n sì tà. Ìwé kan náà ni o! Wọ́n ti gbọ́ pé ó ṣì máa wúlò ni.

Nígbà tí Wizards kéde ẹ̀dà mìíràn ní oṣù kìíní ọdún 2012, tí Player's Handbook rẹ̀ kò sì dé títí di oṣù kẹjọ ọdún 2014, mo ti kọ́gbọ́n. Ohun tí oníbàárà bá ti sanwó rẹ̀ nìkan ni mo ń rà. Ohun tí Wizards ṣe dáadáa nígbà náà ni pé wọ́n tún àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn èèyàn dán òfin tuntun wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ìwé àtijọ́ yẹn ló gbé mi la ọdún náà já.

Ó wá kan tìrẹ. Ìwé mélòó lò ń tà lóṣù? Tó bá jẹ́ mẹ́wàá, ọdún méjì ó lé ni 280 máa gbà, má sì lanu rárá báyìí. Máa kọ ẹ̀dà kejì nídàákẹ́jẹ́. Ìgbà tó bá ku bíi 50, tí iṣẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ni kí o kéde. Kó tó di ọjọ́ náà, pe àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé rẹ lọ́wọ́, kí o sì bá wọn pàrọ̀ èyí tí wọn kò bá tíì tà. Mo bẹ̀ ọ́ lórí èyí, torí èmi ni irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Nínú ìkéde fúnra rẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ ni kí o ti sọ bóyá ìwé ìrìn-àjò tí wọ́n ti rà máa bá òfin tuntun mu. Call of Cthulhu, eré irú èyí tó dá lórí ìtàn ẹ̀rù, ti wà láti 1981, ìwé ìrìn-àjò àtijọ́ rẹ̀ kò sì gba wàhálà púpọ̀ kí o tó lè lò ó lónìí. Ẹni tó bá sì ra ẹ̀dà kìíní láàárín àkókò ìdúró yẹn, fún un ní PDF ẹ̀dà kejì lọ́fẹ̀ẹ́. Ká ní mo ní nǹkan bẹ́ẹ̀ láti sọ fún bàbá ọjọ́ Sátidé yẹn, ọmọ rẹ̀ ì bá gbé ìwé rẹ̀ délé.

Kọ iye tó ń tà lóṣù ránṣẹ́ sí mi, ti ìwé lọ́tọ̀, ti PDF lọ́tọ̀, ká jọ ṣírò rẹ̀.