Oko fínígà àti ṣíìsì ní Ítálì pẹ̀lú Alhaja tí kì í mutí: ohun tí ojú wa rí

Ẹ kú ìmúra, àǹtí mi. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. Ẹ fẹ́ mú Alhaja, ìyá yín tó ń bá yín gbé ní London, lọ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ní oko ìdílé kan lẹ́bàá Modena ní Ítálì, níbi tí wọ́n ti máa ń fún àlejò ní fínígà, ṣíìsì àti wáìnì tọ́ wò. Alhaja kì í mutí, kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá nǹkan tí wọ́n lè jẹ máa wà níbẹ̀, àbí owó yín fẹ́ lọ sómi.

Èmi àti ìyàwó mi lọ sí apá ibẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti mọ́tò, torí ó ṣì ń ta mí lára di òní.

Rélùwéè máa gbé yín láti Bologna, ìlú ńlá tó wà nítòsí, dé Modena kí ẹ tó parí ìtàkúrọ̀sọ. Láti Modena dé inú oko gan-an ni wàhálà wà, ìdí nìyẹn tí a fi háyà mọ́tò ní ẹ́pọ́ọ̀tì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé, a ò tíì lọ sí oko, a gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní àárín ìlú ńlá kan lágbègbè yẹn. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Mo ń tẹ̀ lé máàpù orí fóònù. Ó ní yà sọ́tùn-ún, mo yà. Ó ní mo ti kọjá rẹ̀, kí n yípo, mo yípo. Ìyàwó mi ní, “Dádì, ṣé ẹ rí bọ́ọ̀dù yẹn?” Mo ní bọ́ọ̀dù wo. Báyìí la ṣe yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta ká tó rí ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì.

Bọ́ọ̀dù tí ìyàwó mi rí ni ti ZTL, Zona a Traffico Limitato. Àárín àwọn ìlú àtijọ́ wọn, wọ́n ti fi òfin dí i mọ́ mọ́tò tí kì í ṣe ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Kò sí géètì, kò sí ọlọ́pàá, kò sí ẹni tó máa gbé igi dábùú ọ̀nà. Kámẹ́rà ló wà lókè, tó dákẹ́ bí ológbò tó ń ṣọ́ eku. Àmì rẹ̀ jẹ́ róbótó funfun tí pupa yí etí rẹ̀ ká. Bí ẹ bá rí “varco attivo” lára bọ́ọ̀dù oníná, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ má wọ̀ ọ́. “Varco non attivo” ni ìgbà tó ń sùn. Èmi tí mi ò gbọ́ èdè wọn, mo rò pé “attivo” túmọ̀ sí pé ẹ káàbọ̀.

Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. A gbádùn, a padà sílé. Nínú oṣù Kẹjọ, mo rí i pé wọ́n ti fa owó yọ nínú káàdì mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, 40 yúrò 40 yúrò. Mo pe ilé iṣẹ́ tó háyà mọ́tò fún wa. Wọ́n ní owó iṣẹ́ ọ́fíìsì ni. Iṣẹ́ wo? Wọ́n ní ìjọba ìlú náà béèrè ẹni tó wa mọ́tò, àwọn sì fún wọn ní orúkọ àti àdírẹ́sì mi. Ẹ gbọ́ mi ná! Wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi nítorí pé wọ́n tú àṣírí mi fún ìjọba. Mo sì rò pé ó ti parí síbẹ̀. Owó ìtanràn gan-an kò tíì dé. Oṣù Kọkànlá ni lẹ́tà dé, àpò ìwé mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní 80 yúrò. Kámẹ́rà kan náà, alẹ́ kan náà, àárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Tí ẹ bá ń gbé lókè òkun, òfin wọn fún wọn ní 360 ọjọ́ láti fi ìwé náà ránṣẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe jó pé ẹ ti yege.

Mo kọ lẹ́tà bẹ̀bẹ̀. Mo so rìsíìtì òtẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn láti fi hàn pé inú ibẹ̀ ni mo ń lọ sùn. Ọ̀gá tó dá mi lóhùn ní òtẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó ti fi nọ́ńbà mọ́tò mi ránṣẹ́ sí wọn. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní èmi ló yẹ kí n ti sọ nọ́ńbà mọ́tò mi fún wọn. Mo béèrè pé ta ló yẹ kó ti sọ fún mi pé kí n sọ fún wọn. Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní ó dàbọ̀. Mo san gbogbo rẹ̀. Ó ju owó tí a fi jẹ, tí a fi mu, tí a sì fi sùn ní oko lọ.

Tí ẹ bá máa wa mọ́tò, láti ẹ́pọ́ọ̀tì ni kí ẹ ti forí lé oko tààrà, kí ẹ sùn níbẹ̀. Oko tó ń gba àlejò ni wọ́n ń pè ní agriturismo; ẹ wá èyí tó ní yàrá. Òfin wọn (nọ́ńbà 96 ti ọdún 2006) ní iṣẹ́ àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí iṣẹ́ ibẹ̀, àlejò gbígbà á wà lẹ́yìn. Àǹfààní ni èyí, torí ohun oko wọn lẹ ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má retí òtẹ́ẹ̀lì. Bí màlúù bá ń bímọ, ẹ máa dúró.

Ti físà, bí Alhaja bá ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé, ti Schengen, èyí tí Ítálì ń lò, pọn dandan, ẹ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ìdáhùn wọn lè má ju ọjọ́ 15 lọ, ó sì lè tó 45. Ẹ má fi falẹ̀.

Lórí ọtí àti mọ́tò: ẹni tó máa wakọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.5 gíráàmù ọtí lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. England tí a ń gbé, 0.8 ni, òun ló ń tan àwọn ènìyàn wa jẹ. Ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́ta, òdo ni. Lambrusco, wáìnì pupa tó máa ń hó tí wọ́n ń mu níbẹ̀, ó tutù, ó rọ̀ lọ́fun, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ti mu ún pọ̀. Ìwọ̀nba ni kí ọkọ yín tọ́ ọ wò, ìyókù kí ó tu ú. Kò sí ẹni tó ń wo títu ọtí bí àrífín. Abọ́ ìtutọ́ wà lórí tábìlì fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ oko.

Ẹ lọ ní òwúrọ̀, òwúrọ̀ kùtùkùtù. Àwa pẹ́. Wọ́n ní kí a wá ní aago mẹ́jọ, àwa dé ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, torí òtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú yẹn náà ni. Fífọ ìkòkò ni a bá lẹ́nu iṣẹ́. Ṣíìsì Parmigiano Reggiano, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é: wàrà alẹ́ àná tí wọ́n ti ré ọ̀rá orí rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ wàrà òwúrọ̀, wọ́n á dà á sínú ìkòkò bàbà ńlá tó dà bí agogo tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òkè. Ọmọkùnrin wọn fi fídíò hàn wá lórí fóònù rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ kó wàrà dídì náà sókè. Èmi tí mo wọ bàálù wá, fídíò ni mo wò. Nǹkan bí lítà 550 ni wọ́n fi ń ṣe ṣíìsì kan ṣoṣo tó wúwo tó 40 kílò. Ó máa wà nínú omi iyọ̀ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí pákó fún ọdún kan ó kéré jù.

Alhaja máa fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá pé oṣù 12, ògbóǹtarìgì kan á wá fi òòlù kékeré gbá a yípo, á sì fetí sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń gbá ìkòkò amọ̀ ní Ìlọrin kí wọ́n tó rà á, láti mọ̀ bóyá ó ti sán, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Èyí tí ohùn rẹ̀ kò dáa, wọ́n á ha orúkọ kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n gbé ti oṣù 12, 24 àti 36 síwájú wa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó kéré, torí èyí tó dàgbà máa pa adùn tó kù. Kò jọ wàrà tí àwọn Fúlàní ń fi ewé bọmubọmu mú dì. Ti oṣù 36 gbẹ, ó ń fọ́ bí iyọ̀ lábẹ́ eyín. Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń yọ ohun tí wọ́n fi ń dì í. Ṣé Alhaja máa jẹ ẹ́? Ẹ bi àlùfáà yín, kì í ṣe èmi.

Fínígà ni ó gba ọkàn mi. Kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn jẹ́ fínígà wáìnì tí wọ́n pò mọ́ omi àjàrà, 60 ọjọ́ sì tó o. Èyí tí wọ́n ń pè ní Tradizionale, omi àjàrà sísè nìkan ni, ó sì gbọ́dọ̀ lo ọdún 12 ó kéré jù. Èyí tó lo ọdún 25 ló ń jẹ́ extravecchio. Òkè àjà ilé ni wọ́n ń gbé e sí, níbi tí ooru ti ń sè é nígbà ẹ̀rùn, tí òtútù sì ń fún un ní ìsinmi. Àwọn àgbá kéékèèké tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti ńlá dé kékeré, oríṣiríṣi igi ni wọ́n sì fi ṣe wọ́n. Lọ́dọọdún wọ́n máa bu díẹ̀ nínú èyí tó kéré jù, wọ́n á fi ti ẹnìkejì rẹ̀ dí i, títí dé èyí tó tóbi jù. Màmá onílé na ọwọ́ sí ìlà àgbá kan, ó ní ìgbà tí wọ́n bí òun ni bàbá òun bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọbìnrin. Ó kán ẹ̀kán kan sórí ṣíbí fún mi, ẹ̀kán kan péré. Ìyàwó mi dákẹ́ lọ títí, ẹni tí kì í dákẹ́.

Àtẹ̀gùn àjà yẹn ga o. Eékún Alhaja ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ la ojú sí. Ham àti sàlámì, ojú rí wọn, ẹ máa kọ̀ wọ́n. Èyí tó fara pamọ́ ni wàhálà. Gnocco fritto, tó dà bí pọ́fpọ́f pẹlẹbẹ tí inú rẹ̀ ṣófo, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà ń fi dín in. Tigelle, búrẹ́dì róbótó kékeré, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gún mọ́ aáyù ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀. Tortellini, ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá bi wọ́n pé “ṣé ẹran wà nínú rẹ̀,” wọ́n á ní rárá tọkàntọkàn, torí lójú tiwọn ọ̀rá kì í ṣe ẹran. Strutto ni orúkọ ọ̀rá tí wọ́n fi ń dín nǹkan, lardo sì ni èyí tí wọ́n ń gún. Ẹ béèrè wọn ní orúkọ. Alhaja lè jẹ tortelli tí wọ́n fi elégédé tàbí ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀.

Àti ti ọtí: saba wà, omi àjàrà tí wọ́n sè títí ó fi ki bí oyin, kò ní ọtí nínú. Wọ́n bù ú sórí áísìkirímù fún ìyàwó mi. Fínígà Tradizionale ti gba ojú ọ̀nà ọtí kọjá kó tó kan, nítorí náà ti àlùfáà ni ìyẹn náà.

Tí ẹ bá ń bọ̀ wálé, ẹ má ra ṣíìsì. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba ibí ti de ẹni tó ń bọ̀ láti Yúróòpù pé kó má gbé ṣíìsì, wàrà, ẹran màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ wọlé, nítorí àrùn ẹnu àti ẹsẹ̀ ẹran. Kílò mẹ́ta ti oṣù 36 ni mo gbé, tí wọ́n ti fi rọ́bà dì pinpin. Ní ẹ́pọ́ọ̀tì tí a ti wọ bàálù, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Bí a ṣe dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba gbé e jù sínú bíìnì lójú mi, ó ní kí n dúpẹ́ pé kò gba owó ìtanràn, torí ó lè tó 5,000 pọ́n-ùn. Mo dúpẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Fínígà àti òróró ólífì kò sí nínú èyí tí wọ́n dè. Ìgò Tradizionale jẹ́ 100 mìlílítà gẹ́lẹ́, ó bá òfin omi inú báàgì ọwọ́ mu; òróró ni kí ẹ dì sínú àpótí ńlá.

Ìbéèrè yín gan-an: bẹ́ẹ̀ ni, Alhaja máa rí jẹ, tí ẹ bá kọ̀wé sí wọn ṣáájú. Ẹ fi gbólóhùn yìí sínú ímeèlì, wọ́n máa lóye rẹ̀: “Mia madre non beve alcolici e non mangia maiale, nemmeno lo strutto,” ìyẹn ni pé ìyá mi kì í mutí, kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, títí kan ọ̀rá rẹ̀. Oko tí kò bá dáhùn rẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè wá gbé yín. Tọkọtaya kan láti Jámánì tí a jọ jẹun níbẹ̀ kò háyà mọ́tò rárá. Ọmọ onílé ló lọ gbé wọn ní ibùdó rélùwéè ní Modena, òun náà ló sì dá wọn padà. Wọ́n kàn béèrè ni. Àwa ò béèrè.