Báwo ni Primo Levi ṣe là á já ní Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn àwọn Násì ti Jámánì ní Poland?

Oríire ló pọ̀ jù níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Levi, òǹkọ̀wé Júù ọmọ Ítálì, fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́. Kò sọ pé agbára tàbí ìwà rere ló yọ òun.

Oṣù kejì ọdún 1944 ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó òun àti àwọn Júù bíi 650 láti Ítálì. Bíi ogún péré ló padà sílé. Nítorí pé ó kọ́ ìmọ̀ kẹ́místrì, wọ́n fi í sí yàrá ìwádìí, tí kò tutù bíi ìta. Lorenzo Perrone, bíríkìlà ọmọ Ítálì, sì ń yọ́ oúnjẹ fún un fún oṣù mẹ́fà.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni àìsàn. Nígbà tí àwọn Násì ń kó ẹlẹ́wọ̀n tó lè rìn lọ ní oṣù kìíní ọdún 1945, ibà scarlet fever ti dá a dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rìn kú lọ́nà. Òun ni ọmọ ogun Soviet bá láàyè ní ọjọ́ 27 oṣù náà.

Kì í ṣe gbogbo òǹkọ̀wé ló gbà pé oríire ló ṣe pàtàkì jù o. Viktor Frankl, dókítà ọpọlọ ọmọ Austria tí òun náà la àgọ́ àwọn Násì já, tẹnu mọ́ níní ohun téèyàn ń torí rẹ̀ wà láàyè.