Èsì: Ìlú tí ọ̀tá ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kẹta

Bọ̀dá mi, ẹ ní ọ̀tá ń gba ìlú yín ní ọ̀sẹ̀ kẹta nínú máàpù Heroes III (géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà) tí àwọn fáànù ṣe yẹn. Ẹ má tíì jáde lọ jà o! Èmi náà níbí l'Ákùrẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó tó yé mi. Ẹ tètè kọ́ Citadel (odi ìlú tó lágbára), torí ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ làwọn ọmọ ogun tuntun ń jáde, Citadel á fi ìdajì kún wọn, tó bá wá di Castle (odi tó ga jù ú lọ) ó di ìlọ́po méjì nìyẹn. Kí híró yín (olórí ogun yín) sì kọ́ Earth Magic (ìmọ̀ idán ilẹ̀) dé ìpele Advanced, idán Town Portal á máa gbé e lọ sí ìlú yín tó bá wù yín, ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mọ́ mi! Ẹ ṣáà máa séèfù, iná lè lọ nígbàkigbà.